Bí Degner ṣe gbé àṣírí sàlẹ́ǹsà ìlú Zschopau sá lọ sí Japan

Zschopau lorúkọ ìlú náà. Ẹni tí ahọ́n ẹ̀ ò bá gbà á, kó ṣáà pè é ní Ṣópáò, àwọn onílùú á gbọ́. Ìlú kékeré ni, apá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Jámánì ló wà, kò sì ju bíi kìlómítà 15 lọ sí Chemnitz tó jẹ́ ìlú ńlá àdúgbò ibẹ̀. Òkè àti igbó ló yí i ká, odò tóun náà ń jẹ́ Zschopau sì ń ṣàn gba ìsàlẹ̀ ìlú kọjá. Ààfin àtijọ́ kan wà lórí òkè níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Wildeck, ilé ìṣọ́ rìbìtì kan sì wà nínú ẹ̀ tó tóbi débi pé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Heinrich Sísanra. Àlejò tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ á rò pé ìlú àwọn ọba ayé àtijọ́ lòun wá wò. Àmọ́ kì í ṣe ọba ló gbé orúkọ Zschopau dé etí aráyé, alùpùpù ni. Ká tiẹ̀ sọ ojú abẹ níkòó, páìpù tí èéfín ń gbà jáde lẹ́yìn alùpùpù, èyí táwọn mẹkáníìkì ilẹ̀ Yorùbá ń pè ní sàlẹ́ǹsà, ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀.

Nítorí sàlẹ́ǹsà yìí, ọkùnrin kan fi ìlú tó ti ń jẹun sílẹ̀, kò sì padà mọ́. Wọ́n gbé ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọ ẹ̀ méjì pamọ́ sínú búùtù mọ́tò bí ẹrù fàyàwọ́ kọjá ẹnubodè. Ilé iṣẹ́ kan tí kò lè sáré lánàá di ọ̀gá lágbàáyé lọ́dún kejì. Ọ̀gá tó jókòó sídìí iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ kò sì rí ife àgbáyé gbà títí tó fi kú. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré, ó dáa ká bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti ìdí.

Ọmọ Denmark kan, Jørgen Skafte Rasmussen, ló gbé iṣẹ́ irin dé Zschopau. Ní nǹkan bí ọdún 1906 ló ra ilé iṣẹ́ aṣọ àtijọ́ kan níbẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ti ẹ̀rọ. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1920, ó ti ń ṣe alùpùpù tó ń jẹ́ DKW, kí ọdún 1930 sì tó dé, kò sí ilé iṣẹ́ mìíràn láyé tó ń ṣe alùpùpù tó tiẹ̀. Ẹni tó bá ti rí òrùka mẹ́rin tó so kọ́ra wọn níwájú mọ́tò Audi, kó mọ̀ pé ọ̀kan nínú òrùka yẹn dúró fún DKW, nítorí ọdún 1932 ni ilé iṣẹ́ mẹ́rin para pọ̀, tí DKW jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ́ńjìnnì táwọn ará Zschopau gbójú lé ni irú èyí tó ń lo epo tí wọ́n po ọ́ìlì mọ́, tó ń tú èéfín búlúù lẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní tù-sítírókù. Lọ́dún 1939, wọ́n gbé alùpùpù kékeré kan jáde tó ń jẹ́ RT 125. Nígbà tí Jámánì fìdí rẹmi nínú ogun, àwọn tó ṣẹ́gun pín ìmọ̀ ilẹ̀ náà bí ẹni pín ẹran ọdún. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wo RT 125, wọ́n fi ṣe Bantam ti BSA. Harley-Davidson ṣe tiwọn l'Amẹ́ríkà. Àwọn ará Rọ́ṣíà náà ṣe tiwọn. Nígbà tó sì di ọdún 1955, Yamaha ti Japan gbé alùpùpù àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe láyé jáde, YA-1 lorúkọ ẹ̀, ara RT 125 yìí náà ni wọ́n ti wò ó. Ẹ ò rí i pé kí ẹnikẹ́ni tó sá kúrò ní Zschopau rárá ni ọgbọ́n Zschopau ti ń rìnrìn àjò.

Ní Zschopau fúnra ẹ̀, nǹkan ò rọgbọ. Àwọn Rọ́ṣíà tú ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ náà kó lọ lẹ́yìn ogun. Àwọn tó ṣẹ́ kù tún bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìjọba Jámánì Ìlà-Oòrùn, ìjọba ló sì ni ilé iṣẹ́. Ó ti jẹ́ IFA, kó tó wá di MZ. Ọdún 1953 ni wọ́n fa ẹ̀ka tó ń ṣe alùpùpù eré ìje lé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Walter Kaaden lọ́wọ́. Ọmọ àdúgbò yẹn ni, abúlé Pobershau ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1919. Kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Owó ò sí lọ́wọ́ ẹ̀, irin tó dáa ò sí, àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ò pọ̀. Ohun tó ní ò ju etí tó ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì àti sùúrù lọ.

Ìṣòro tó jókòó tì rèé. Tù-sítírókù kò ní fáàfù bíi ti mọ́tò. Ihò lásán ni wọ́n lu sára ilé tí písítìn ti ń lọ sókè sódò. Bí písítìn bá sọ̀ kalẹ̀, ihò á ṣí, bó bá gòkè, á dí i. Ṣùgbọ́n ihò tí èéfín ń gbà jáde àti èyí tí epo tuntun ń gbà wọlé máa ń ṣí sílẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá dà bí ilé àríyá tí ẹnu ọ̀nà iwájú àti tẹ̀yìn ṣí gbayawu. Báwọn tó ti jẹun yó ṣe ń jáde, làwọn àlejò tuntun tí ò tíì fọwọ́ kan abọ́ ń bá wọn tú jáde. Epo tí wọ́n fowó rà á kàn gba inú sàlẹ́ǹsà bọ́ sójú títì láì jó. Ìdí nìyẹn táwọn èèyàn ṣe ń fojú ọmọdé wo ẹ́ńjìnnì yìí láàrin àwọn onífáàfù.

Ohun tí Kaaden rí ni pé ariwo ẹ́ńjìnnì náà fúnra ẹ̀ lè ṣiṣẹ́ mẹgáàdì. Gbogbo ìgbà tí ihò èéfín bá ṣí, ìró kan á bẹ́ gbì sínú páìpù, á máa sáré lọ. Tó bá dé ibi tí páìpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ bí ẹnu kàkàkí, apá kan nínú ẹ̀ á padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n fífà ló ń fà. Á fa èéfín tó kù sínú ẹ́ńjìnnì jáde, á sì fa epo tuntun wọlé. Ìyókù ìró náà á máa lọ, títí á fi dé ibi tí páìpù ti ń sún kì padà bí ìdí àrọ. Níbẹ̀, á kọlu ara páànù, á padà bíi gbohùngbohùn, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, títì ló ń tì. Epo tuntun tó ti yọ́ bọ́ sínú páìpù, á tì í padà sínú ilé, kí písítìn tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Mẹgáàdì ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn: ó lé àwọn tó ti jẹun jáde, ó sì dá àwọn tí ò tíì jẹun padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni àkókò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yípo nígbà 10,000 láàrin ìṣẹ́jú kan, ìyípo ẹyọ kan ò ju ìdá mẹ́fà nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ, bí ìdajì ẹ̀ péré sì ni ihò èéfín fi ń ṣí. Bí páìpù bá gùn jù, gbohùngbohùn á pẹ́ kó tó dé, á bá ilẹ̀kùn ní títì. Bó bá kúrú jù, á tètè dé, kí iṣẹ́ tó yá á ti lọ. Ìdí nìyẹn tí páìpù gígùn fi ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára lórí eré tí ò pọ̀, tí èyí tó kúrú sì ń fún un lágbára nígbà téré bá ti le. Ẹni tó bá mọ fèrè á yé e: fèrè kúkúrú ohùn òkè, fèrè gígùn ohùn ìsàlẹ̀. Kò sì sí fèrè kan tó lè fọn gbogbo ohùn lẹ́ẹ̀kan náà. Alùpùpù Kaaden a máa ṣe bí ọ̀lẹ lórí eré kékeré, àmọ́ bó bá ti wọ ibi tí páìpù ẹ̀ bá a mu, á ta kìjí bí ẹṣin tí wọ́n nà ní pàṣán, á máa ké bí agbọ́n tí wọ́n ká mọ́ inú agolo.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ronú kan páìpù tó fẹ̀ lágbedeméjì o. Erich Wolf, tóun náà ń tún DKW ṣe fún eré ìje, ti fi irú ẹ̀ sáré ṣáájú. Àwo irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yí, tó ń ṣí ọ̀nà fún epo tó sì ń dí i, ọwọ́ Daniel Zimmermann ló ti rí i. Ṣùgbọ́n Kaaden ló kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, ló lo ẹ̀rọ tó ń ya ìró sójú gíláàsì bíi ti tẹlifíṣọ̀n kó lè fojú rí ohun tí etí ń gbọ́, ló sì ń gé páànù, tó ń ká a, tó ń jó o pọ̀, tó ń gbé e sórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára, tó tún ń gé òmíràn. Bó ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún nìyẹn. Nígbà tó di ọdún 1961, ẹ́ńjìnnì 125 rẹ̀ ti ń mú agbára ẹṣin 25 jáde. Ọkadà tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tó báyẹn lójú títì Ìbàdàn kì í sábà ní ju bíi 10 sí 11 lọ. Bí wọ́n bá fojú lítà kan wò ó, agbára ẹṣin 200 nìyẹn, kò sì sí ẹ́ńjìnnì tí wọn ò fi ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú tó tíì débẹ̀ rí ṣáájú ẹ̀.

Ẹni tó ń gùn ún ni Ernst Degner. Wọ́n bí i lọ́dún 1931, ó mọ ẹ́ńjìnnì bó ṣe mọ eré, nítorí náà kì í kàn ṣe pé ó ń jókòó lórí ohun tí Kaaden bá ṣe, ó yé e. Lọ́dún 1961 yìí, ó na àwọn èèyàn Honda ní Hockenheim, ó nà wọ́n ní Sachsenring tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó tún nà wọ́n ní Monza l'Ítálì. Ife àgbáyé ti ń wo ojú ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti parí eré, ó mọ ibi tóun ń padà sí. Àwọn tó ń nà lórí pápá ń gba owó gidi, ilé wọn dáa, mọ́tò wọn dáa. Òun náà ń padà sí Jámánì Ìlà-Oòrùn, níbi tí ìjọba ti ń sọ ẹni tó lè rìnrìn àjò àti ẹni tí kò lè rìn. Ìyàwó àtọmọ ẹ̀ ò sì lè bá a jáde.

Àwọn Suzuki náà wà níbẹ̀, ojú ń tì wọ́n. Alùpùpù wọn ò yá, ó sì ń kú sọ́nà. Ní erékùṣù Man lóṣù kẹfà ọdún 1961, òtẹ́ẹ̀lì kan náà làwọn àti MZ dé sí. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wọ̀. Ohun tí Suzuki fẹ́ ò ju ìmọ̀ tó wà lórí Degner lọ, ohun tí Degner náà sì fẹ́ ni kóun àti ìdílé òun bọ́. Wọ́n ń dúró de àsìkò ni, ni ìjọba Jámánì Ìlà-Oòrùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri Berlin lọ́jọ́ 13, oṣù kẹjọ. Ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ lánàá dí pa. Ẹni tó bá fẹ́ jáde báyìí, ẹ̀mí ẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Ọjọ́ 17, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1961 ni wọ́n sáré ní Kristianstad, lórílẹ̀-èdè Sweden. Bí Degner bá gbégbá orókè lọ́jọ́ náà, ife ti dé Zschopau nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kú mọ́ ọn lábẹ́ lójú eré. Káwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tó mọ ohun tó ń lọ, ó ti di àwátì. Ó ti kọjá sí Denmark, láti ibẹ̀ ló ti wọ Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan náà yẹn, ọ̀rẹ́ kan ti gbé ìyàwó ẹ̀ àtàwọn ọmọkùnrin ẹ̀ méjì sínú búùtù mọ́tò ńlá kan, wọ́n fún àwọn ọmọ náà lóògùn oorun kí wọ́n má baà sunkún lẹ́nubodè. Ẹ̀yin ìyá, ẹ fọkàn yàwòrán ẹ̀ ná: inú òkùnkùn, àwọn sójà tó gbébọn lọ́wọ́ ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ọmọ méjì sì ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tẹ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ mí sókè. Wọ́n kọjá. Gbogbo wọn pàdé lódì kejì.

Ní Zschopau, níṣe ni ilé iṣẹ́ náà dà bí ilé tí olè ti jà. MZ fẹ̀sùn kan Degner pé ṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ ba ẹ́ńjìnnì náà jẹ́ ní Sweden. Ife náà ò wá sọ́dọ̀ wọn mọ́. Ní Argentina lóṣù kẹwàá, Tom Phillis tó ń gun Honda ló gbà á, Degner ò rí alùpùpù gùn níbẹ̀. Lóṣù kọkànlá, ó ti wà ní Hamamatsu nílẹ̀ Japan, nílé iṣẹ́ Suzuki, ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọdún 1962 ni wọ́n kọ́kọ́ dá ife àgbáyé sílẹ̀ fún alùpùpù 50, ta ló gbà á? Degner ni, orí Suzuki ló sì wà. Kò sí tù-sítírókù kankan tó tíì gba ife àgbáyé alùpùpù rí ṣáájú ìyẹn. Kaaden tó fi ọdún mẹ́jọ gé páànù kò rí ife náà gbà.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lóṣù kọkànlá ọdún 1963, Degner ṣubú ní Suzuka nílẹ̀ Japan, iná ràn, ó sì jó o gan-an lójú. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un kò lóǹkà. Ó padà sídìí eré, àmọ́ kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Erékùṣù Tenerife ló kú sí lọ́dún 1983, ọmọ ọdún 51 ni. Títí dòní, kọ́nà kan wà ní pápá Suzuka tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀, àwọn mọ́tò Formula 1 sì ń gba ibẹ̀ kọjá lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ tó ń wò ó ò mọ̀ pé èèyàn ni Degner.

Kaaden kò sá. Ó tún tẹnu mọ́ iṣẹ́. Lọ́dún 1963, Mike Hailwood tí gbogbo ayé mọ̀ gun MZ 250 ní Sachsenring, ó sì na Honda níwájú àwọn onílé. Láti ọdún 1963 dé 1967, àti 1969, Jámánì Ìlà-Oòrùn fi MZ gba ife eré ọlọ́jọ́ mẹ́fà inú ẹrẹ̀ àti igbó. Àmọ́ ife àgbáyé ti orí títì, MZ kò rí i gbà láéláé. Páìpù Kaaden ló wá gba ayé dípò ẹ̀. Lọ́dún 1975, tù-sítírókù Yamaha gba ife 500, èyí tó ga jù, kò sì sí ẹ́ńjìnnì onífáàfù tó tún gbà á títí wọ́n fi pa ìpele 500 rẹ́ lẹ́yìn ọdún 2001. Ẹnikẹ́ni tó bá gùn nínú gbogbo wọn, páìpù tó fẹ̀ lágbedeméjì tó tún sún kì nídìí ló wà lábẹ́ ẹ̀. Kaaden kú lóṣù kẹta ọdún 1996. Ògiri Berlin ti wó nígbà náà, ilé iṣẹ́ MZ náà ti dọwọ́ ọlọ́jà, wọ́n ń gbé e látọwọ́ ẹnì kan sí ẹlòmíràn títí tó fi kógbá sílé.

Ẹni tó bá lọ sí Zschopau báyìí ò ní gbọ́ ariwo ilé iṣẹ́ mọ́. Ààfin Wildeck ló gba ìtàn náà sílé, wọ́n kó àwọn alùpùpù tí ìlú náà ṣe síbẹ̀ fún àlejò láti wò. Ààfin mìíràn tún wà lórí òkè tí kò jìnnà síbẹ̀, Augustusburg, alùpùpù ló kún ibẹ̀ náà. Ẹ wá gbọ́ ìyẹn: ọdún 1961 gan-an ni wọ́n ṣí i, ọdún tí Degner sá. Bí ìlú ṣe ń kó alùpùpù ẹ̀ jọ sínú ààfin, ni àṣírí ẹ̀ ń gba ẹ̀yìn jáde.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ tó ń gé sàlẹ́ǹsà ọkadà lágọ̀ọ́ mẹkáníìkì náà o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbà pé bí ariwo bá ṣe pọ̀ tó ni agbára ṣe ń pọ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gé páìpù tù-sítírókù ti lé mẹgáàdì lọ nìyẹn, epo á máa gba ẹ̀yìn jáde, alùpùpù á máa pariwo, kò ní lè gòkè. Àwọn ará Zschopau ò wá ariwo, àkókò ni wọ́n wá. Ohùn tó dùn létí wọn ni ohùn tó sọ fún wọn pé gbohùngbohùn dé lásìkò.

Ṣé olè wá ni Degner, àbí ẹni tó gba ìdílé ẹ̀ là? Àwọn ará Zschopau pàápàá ò tíì fẹnu kò lórí ẹ̀. Ẹni tó bá ń bínú pé ó gbé ọgbọ́n ọ̀gá ẹ̀ lọ, kó rántí ọmọ méjì tó ń sùn nínú búùtù. Ẹni tó bá sì ń yìn ín, kó rántí ọkùnrin tó jókòó sílé, tó gé páànù láti ọdún 1953, tó kọ́ sàlẹ́ǹsà lóhùn, tí ẹlòmíràn wá fi ohùn náà kọrin.